Rẹ́jísírà Olúbọ̀dé àti Ẹ̀rọ Tó Gbé Ìwé Kóòtù Mì

Mi ò ní sọ orí òkè tí kóòtù náà wà ní Abẹ́òkúta. Àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ń bá ọmọ-ọmọ wọn ṣeré, kò sì yẹ kí n lọ da ọkàn wọn láàmú. Ó tó kí ẹ mọ̀ pé kóòtù ìjọba àpapọ̀ ni, pé ọdún 1986 ni, lábẹ́ ìjọba ológun, àti pé ẹni tó ga jù níbẹ̀ kì í ṣe adájọ́. Adájọ́ wà lóòótọ́. Ó ń gbọ́ ẹjọ́, ó ń dá a, ó ń lọ sílé rẹ̀. Ẹni tó ga jù, lójú ara rẹ̀ àti nínú dígí tó gbé kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ni Rẹ́jísírà Àgbà, Ọ̀gbẹ́ni Theophilus Olúbọ̀dé.

Iṣẹ́ Rẹ́jísírà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹni tó bá fẹ́ pe ẹjọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò mú ìwé wá. Ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni yóò mú èsì wá. Rẹ́jísírà yóò tọ́jú gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì. Bí ará ìlú kan bá sì fẹ́ wo ohun tó wà nínú fáìlì náà, òfin ní kí wọ́n fi hàn án, nítorí gbangba ni kóòtù ti ń dá ẹjọ́, kì í ṣe inú yàrá. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé kò fẹ́ràn rárá. Lójú tirẹ̀, ará ìlú tó ń yẹ ìwé kóòtù wò dà bí àlejò tó wọlé onílé tó lọ ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé kì í sọ̀rọ̀ bí ẹ̀yin àti èmi ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó máa ń kéde ni. Kì í sì í pe ara rẹ̀ ní "èmi" níbi iṣẹ́, nítorí "èmi" kéré jù fún un. "Ipò yìí" ló máa ń pe ara rẹ̀. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á ní, "Ipò yìí ń fẹ́ omi." Bí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́, á ní wọ́n ti rí ipò yìí fín. Igbákejì rẹ̀ ni Ọládipọ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó kàwé dáadáa, àmọ́ tó ti rí i tipẹ́ pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni ìwé ẹ̀rí tó ń gbé ènìyàn ga jù lọ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Bí ọ̀gá bá ní òjò ń bọ̀, Ọládipọ̀ á ní òun ti ń gbọ́ ìró rẹ̀. Bí ọ̀gá bá yí i padà pé oòrùn ni, Ọládipọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í nu òógùn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, wọ́n rán ọ̀gá lọ sí London fún ẹ̀kọ́ ráńpẹ́ kan. Ibẹ̀ ló ti rí kọ̀ǹpútà. Wọ́n fi hàn án bí kóòtù ṣe lè máa pa ìwé ẹjọ́ mọ́ sínú ẹ̀rọ, kí ará ìlú lè tètè rí ohun tó bá ń wá. Láàárín London àti Abẹ́òkúta, ìdajì gbólóhùn yẹn já bọ́ sínú òkun. Ohun tó kù lọ́kàn ọ̀gá nígbà tó fi máa délé ni pé ènìyàn lè pa ìwé mọ́ sínú ẹ̀rọ.

Nígbà tí ọkọ̀ gbé kọ̀ǹpútà dé láti Èkó, nínú páálí ló wà, kò sì ju tẹlifíṣọ̀n kékeré kan lọ. Ọ̀gá wo ẹnu ọ̀nà kóòtù, ó mi orí.

"Olè, oníjìbìtì àti agbẹjọ́rò ló ń gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé lójoojúmọ́," ó ní. "Ẹ̀rọ òfin kò lè gba ibẹ̀."

"Kò lè gba ibẹ̀ láéláé, sà," ni Ọládipọ̀ dáhùn.

Wọ́n pe bíríkìlà. Ó wó ògiri abẹ́ fèrèsé, wọ́n gba ibẹ̀ gbé ẹ̀rọ wọlé, bíríkìlà sì mọ ògiri náà padà. Ìgbà tó mọ ọ́n tán ni wọ́n rántí pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó bá kọ̀ǹpútà wá ṣì wà níta. Bíríkìlà tún ògiri wó. Ọ̀gá ní ọgbọ́n ni, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí ẹ̀rọ náà, ọ̀gá wọ súùtù aláwẹ́ mẹ́ta nínú ooru oṣù kẹta. Ó gun àga kan lórí báránńdà, ó sì kọjú sí àwọn òṣìṣẹ́, àwọn lọ́yà àti àwọn tí ẹjọ́ gbé wá.

"Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá Aláké," ó bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin Òkè-Ọnà, ẹ̀yin Gbágùrá, ẹ̀yin Òwu, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn ń kọjá lọ. Òkùnkùn ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ ò mọ̀ pé òkùnkùn ni, nítorí ẹ ti bá a níbẹ̀. Ipò yìí ló lọ bá yín mú ìmọ́lẹ̀ wá láti òkè òkun. Láti òní lọ, ìwé ti kú. Ẹ má sunkún rẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ bá mú wá sí kóòtù yìí yóò wọ inú ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tí yóò fún ẹnìkejì ní ẹ̀dà mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ọ̀tá rẹ̀ sọ, kó wá sọ́dọ̀ ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ bá ráyè."

Ọládipọ̀ pàtẹ́wọ́. Ó pa á títí tí ìyókù fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, ó sì tún ń pa á lọ lẹ́yìn tí gbogbo wọn dákẹ́, bóyá ọ̀gá lè máà tíì gbọ́.

Bí yàrá ẹ̀rọ ṣe di ààfin nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ wọ yàrá ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà. Ó gbọ́dọ̀ kí ọ̀gá pé "ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀rọ," kó tó sọ ohun tó bá wá. Bí iná mànàmáná bá lọ, tó sì ń lọ dáadáa nígbà náà, wọn á gbé pátákó kan sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n kọ sí i pé, "Òfin ń sinmi." Èyí tó dùn mọ́ ọ̀gá nínú jù lọ ni pé ìwé yòówù kó wọ inú ẹ̀rọ, kí orúkọ àti oyè òun kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, lókè ojú ewé kọ̀ọ̀kan àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ọdúnayọ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń tẹ̀ rèé: "Láti ọwọ́ Ọlọ́lá Jùlọ, Ọ̀gbẹ́ni Theophilus Olúbọ̀dé, Rẹ́jísírà Àgbà, Olùtọ́jú Ìwé Òfin, Ẹni Tó Gba Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà ní London, Ọ̀pómúléró Ìdájọ́ Òdodo, Ẹni Tó Mú Ìmọ́lẹ̀ Wọ Ilẹ̀ Ẹ̀gbá." Bí ọ̀gá bá sì jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tó rántí oyè tuntun, Ọdúnayọ̀ á tún gbogbo ìwé àtẹ̀yìnwá ṣí, á fi oyè náà kún wọn.

Inú dísìkì pẹlẹbẹ díẹ̀ tó bá ẹ̀rọ wá, ibi tí ẹ̀rọ ń pa ìwé mọ́ sí, ni gbogbo èyí ń lọ. Kò pẹ́ rárá tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan kan síta. Ọdúnayọ̀ lọ bá ọ̀gá.

"Ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀rọ, sà. Ẹ̀rọ ní òun ti kún."

Ojú ọ̀gá tàn. "Ó ti kún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Dísìkì ti kún."

"Ọládipọ̀, ṣé o gbọ́? Wọ́n ní àwọn kóòtù kan wà ní ilẹ̀ yìí tí wọn ò tiẹ̀ ní ẹ̀rọ. Tiwa ti kún."

"Ìbùkún ni, sà," ni Ọládipọ̀ wí. "Ipò yín ló kún un."

"Sà, ohun tí mo ń sọ ni pé kò gba nǹkan mọ́," ni Ọdúnayọ̀ wí. "Oyè yín nìkan ló ń wọlé, nítorí òun ni mo ń kọ́kọ́ tẹ̀. Tó bá kan ọ̀rọ̀ ẹjọ́ gan-an, á kọ̀ ọ́. Bóyá kí a kọ̀wé sí Èkó pé kí wọ́n fún wa ní dísìkì sí i."

"Ipò yìí kì í tọrọ," ni ọ̀gá wí. "Máa tẹ̀ ẹ́ lọ."

Ọdúnayọ̀ ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Láti ọjọ́ náà, ó ń tẹ̀, ẹ̀rọ ń dà á nù, ọ̀gá sì ń gba ìkíni. Àkọlé ìwé ìròyìn kan tiẹ̀ sọ pé kóòtù Abẹ́òkúta ti kún fún ìmọ̀. Ọ̀gá gé e, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí.

Àsìkò yìí ni àwọn aláró dé. Àwọn obìnrin kan ni wọ́n lápá Ìtòkò, Mùsùlùmí àti ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń rẹ àdìrẹ lẹ́bàá odò kékeré kan níbi tí àwọn ìyá wọn ti rẹ ẹ́. Olórí wọn ni Ìyá Asiata, obìnrin gíga kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Àjọ ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní Àjọ Ilé Ìkẹ́rùsí ti pè wọ́n lẹ́jọ́ pé kí kóòtù lé wọn kúrò, kí àwọn lè kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sórí ilẹ̀ náà. Bí wọ́n bá pàdánù ẹjọ́ yìí, kò sí odò mìíràn tí wọ́n lè gbé ìkòkò aró wọn sí. Lọ́yà wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Lydia Abọ́sẹ̀dé, mọ̀ pé Àjọ ti mú ìwé ìbúra kan wá sí kóòtù, tí òṣìṣẹ́ wọn fi búra nípa bí ilẹ̀ náà ṣe rí. Ó gbọ́dọ̀ rí i kó tó lè fèsì. Òun àti Ìyá Asiata pẹ̀lú àwọn obìnrin méjì lọ bá Rẹ́jísírà.

Wọ́n bọ́ bàtà. Wọ́n kí i kú ìtọ́jú ẹ̀rọ. Ìyá Asiata kúnlẹ̀ díẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà tó ẹni tó lè bí ọ̀gá.

Ọwọ́ wọn ni ọ̀gá ń wò. Dúdú aláwọ̀ sánmà ni ọwọ́ gbogbo wọn, láti orí èékánná dé ìgbọ̀nwọ́.

"Kí ló wà lọ́wọ́ yín yẹn?"

"Aró ni, sà," ni Ìyá Asiata wí.

"Ẹ lọ fọ̀ ọ́."

"Sà, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni mo ti ń fọ̀ ọ́."

"Olómi ni aró," ni ọ̀gá kéde. "Ẹ̀rọ kórìíra omi. Bí aró bá kán sí i, gbogbo ẹjọ́ ilẹ̀ yìí lè di dúdú."

"Ó ti gbẹ, sà. Ó ti pẹ́ tó ti gbẹ."

"Gbígbẹ ni ẹ fi ń tàn wá jẹ," ni Ọládipọ̀ wí láti ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Lydia sún mọ́ iwájú. "Ọwọ́ tèmi mọ́, sà. Ẹ jẹ́ kí n kà á, màá sọ fún wọn."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí ènìyàn ń rín nígbà tó bá ti mọ̀ pé ohun tóun fẹ́ sọ dùn. "Lọ́yà, nígbà tí o bá ń sọ̀rọ̀ ní kóòtù, ẹnu ta ni?"

"Ẹnu àwọn oníbàárà mi, sà."

"Tó bá jẹ́ pé ẹnu wọn ni ẹnu rẹ, ọwọ́ wọn náà ni ọwọ́ rẹ. Lójú òfin, aró wà lọ́wọ́ rẹ. Ẹ jáde."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má rò pé Lydia kò rí èsì fọ̀. Ó rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n iná lọ ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, wọ́n gbé pátákó síta, òfin sì lọ sinmi. Àwọn obìnrin náà ń wá bàtà wọn nínú òkùnkùn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Asiata dúró lójú ọ̀nà.

"Lydia ọmọ mi," ó ní, "ẹni tó bú mi, tí mi ò gbọ́ èébú náà, báwo ni mo ṣe fẹ́ bá a jà?"

"Mi ò tíì mọ̀, mà," ni Lydia wí. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kà á síta lọ́jọ́ ẹjọ́."

Wọ́n wá lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbà kan, ọ̀gá wà ní ìpàdé. Ìgbà mìíràn, ẹ̀rọ ń tutù. Ní ìgbà kan, wọ́n bá a tó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, ó sì ní òun ń ṣọ́ ọ ni.

Nígbà tó yá, àwọn fáìlì àtijọ́ tó kún yàrá ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í bí ọ̀gá nínú. Ó ní bí ìwé bá ti kú, kí ló dé tí òkú rẹ̀ ṣì wà nílé. Ó ní kí Ọládipọ̀ kó wọn kúrò. Ọládipọ̀ kò béèrè ibi tí òun ó kó wọn sí, nítorí ìbéèrè kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó kó wọn fún àwọn tó ń ta ẹ̀pà àti gúgúrú lójú títì.

Àní kí n sọ òótọ́, kò sí ìgbà kan tí ará ìlú rí ìwé kóòtù tó bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí òfin sọ, tí ọ̀gá kọ̀, ẹlẹ́pà ló ṣe é. Láti Òṣíẹ̀lẹ̀ títí dé ọ̀nà Èkó, ẹni tó bá ra ẹ̀pà ti ra ojú ewé kan nínú ẹjọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Ní Wásinmi, ọkùnrin kan ń ra gúgúrú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kì í ṣe pé ebi ń pa á, ó fẹ́ mọ bí ẹjọ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan lórí ọkọ̀ ojú omi ṣe parí ni. Ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ bá wọn ní kóòtù. Ó ní òun ò lè bọ́ bàtà fún ẹnikẹ́ni.

Adájọ́ kóòtù náà ń jẹ́ Jùbrílù. Ìdílé oníṣòwò àtijọ́ kan ní Abẹ́òkúta ló ti wá, ọkùnrin kúkúrú, tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé àwọn lọ́yà máa ń nà síwájú láti gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kò yé e púpọ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé gbogbo fáìlì wà níbẹ̀, àti pé wọn yóò tẹ̀ ẹ́ jáde fún un lọ́jọ́ ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó ń bọ̀ láti Èkó lọ́sàn-án Sátidé kan, ó dúró ní Itori, ó ra ẹ̀pà. Ó jẹ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ kó tó rí ìbuwọ́lù ara rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀pà náà.

Ó tú ìwé náà, ó tẹ́ ẹ sórí itan. Ìdájọ́ tóun fúnra òun kọ ni. Ó kà á tán, ó rí i pé òun kọ ọ́ dáadáa. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó padà sọ́dọ̀ ẹlẹ́pà.

"Ẹ kú ọjà, mà. Níbo lẹ ti rí ìwé yìí?"

"Kóòtù ni wọ́n ti kó o wá, sà," ni obìnrin náà wí. "Ìwé tiwọn dáa. Ó nípọn, epo kì í tètè yọ síta. Ṣé kí n fún yín sí i?"

"Ẹ fún mi ní gbogbo èyí tó kù," ni Adájọ́ wí. Obìnrin náà rò pé ẹ̀pà ló ń wí. Adájọ́ sì kó ẹ̀pà rẹpẹtẹ lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí ẹjọ́ àwọn aláró bọ́ sí, kóòtù kún. Àwọn obìnrin náà jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ọwọ́ wọn lábẹ́ ìborùn, nítorí ojú ti ń tì wọ́n fún ọwọ́ náà láti ìgbà tí ọ̀gá ti sọ ohun tó sọ. Adájọ́ béèrè fún fáìlì.

Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé dìde. "Olúwa mi, ayé fáìlì ti kọjá. Ipò yìí ti—"

"Ẹ bá mi tẹ ìwé ìbúra Àjọ Ilé Ìkẹ́rùsí jáde," ni Adájọ́ wí jẹ́jẹ́. "Mo fẹ́ kí gbogbo wa jọ lọ wò ó."

Ojú ọ̀gá kọ mànà. Ọjọ́ tó ń retí ti dé. Ó ṣíwájú wọn lọ sí yàrá ẹ̀rọ, ó sì nawọ́ sí àkọlé ara ògiri tó ní kí wọ́n bọ́ bàtà. Adájọ́ bọ́ bàtà. Nígbà tí Adájọ́ ti bọ́ tiẹ̀, gbogbo lọ́yà bọ́ tiwọn, ọlọ́pàá kóòtù náà bọ́ tiẹ̀, wọ́n sì rí i pé ìbọ̀sẹ̀ lọ́yà Àjọ ti lu. Àwọn aláró dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wọlé.

Ọdúnayọ̀ tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ké gẹrẹgẹrẹ. Ìwé ń jáde bọ̀, ó gùn, ó ń wọ́ nílẹ̀. Ọládipọ̀ gbé e, ó fi ohùn tó dùn kà á síta:

"Láti ọwọ́ Ọlọ́lá Jùlọ, Ọ̀gbẹ́ni Theophilus Olúbọ̀dé, Rẹ́jísírà Àgbà, Olùtọ́jú Ìwé Òfin, Ẹni Tó Gba Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà ní London, Ọ̀pómúléró Ìdájọ́ Òdodo, Ẹni Tó Mú Ìmọ́lẹ̀ Wọ Ilẹ̀ Ẹ̀gbá."

"Ẹ máa bá a lọ," ni Adájọ́ wí.

Ọládipọ̀ wo ìsàlẹ̀. Ó kà á lọ: "Láti ọwọ́ Ọlọ́lá Jùlọ, Ọ̀gbẹ́ni Theophilus Olúbọ̀dé..."

"Ojú ewé kejì ńkọ́?"

"Láti ọwọ́ Ọlọ́lá Jùlọ, Olúwa mi."

Adájọ́ dúró díẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ńtì tútù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Theophilus Olúbọ̀dé tí ẹ ń kà fún mi yìí, ṣé òun ló pẹjọ́ ni àbí òun ló ń jẹ́jọ́?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló burú fún ọ̀gá. Ó ní kí Ọdúnayọ̀ tẹ ìwé ẹjọ́ mìíràn jáde, kí Adájọ́ lè rí i pé èyí ṣèèṣì ni. Ọdúnayọ̀ tẹ̀ ẹ́. Oyè ló jáde. Ó tẹ òmíràn. Oyè náà ni, àfi pé èyí ní méjì sí i tí ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Ọ̀gá ní kí wọ́n lọ kó àwọn ìwé àtijọ́ wá láti yàrá ẹ̀yìn. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló tó rántí. Ó wo Ọládipọ̀. Ọládipọ̀ wo òrùlé.

"Ní ti àwọn yẹn," ni Adájọ́ wí, "díẹ̀ nínú wọn wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ dárí jì mí tí epo bá ti kàn wọ́n."

"Olúwa mi," ni Ọládipọ̀ wí kíákíá, "ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ọ̀gá pé ẹ̀rọ yìí kò lè ṣe wá lóore."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ láàárín ọdún mélòó kan tí kò ní "bẹ́ẹ̀ ni, sà" nínú nìyẹn. Ọ̀gá yíjú sí i bí ẹni tí àga tó jókòó lé bá sọ̀rọ̀.

Wọ́n padà sí kóòtù. Adájọ́ ní kí lọ́yà Àjọ ka ẹ̀dà ìwé ìbúra tó wà nínú báàgì tirẹ̀, kí ògbufọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Lọ́yà kà á. Òṣìṣẹ́ Àjọ búra pé òun fúnra òun lọ wo ilẹ̀ náà, pé ìgbẹ́ ti bò ó, pé iṣẹ́ aró ti kú níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, àti pé kò sí ẹ̀dá alààyè kan tó ń rẹ aṣọ lórí ilẹ̀ náà mọ́.

Ohun tí àwọn obìnrin náà ń fi bàtà lọ́wọ́ tọrọ láti gbọ́ nìyí. Ìyá Asiata dìde, ó fi orúnkún kan kan ilẹ̀, ó dìde padà.

"Olúwa mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n béèrè ọ̀rọ̀ kan. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ aró ti kú níbẹ̀, ta ló rẹ èyí?"

Ó yọ ọwọ́ méjèèjì kúrò lábẹ́ ìborùn. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yọ tirẹ̀. Ẹ̀yìn kóòtù di kìkì ọwọ́ aláró, gbogbo rẹ̀ nà sókè.

"Olúwa mi," ni lọ́yà Àjọ wí, "ó lè jẹ́ pé wọ́n kùn ún nítorí ẹjọ́ tòní ni."

"Ẹ bá wọn fọ̀ ọ́, lọ́yà," ni Adájọ́ wí. "Ọṣẹ wà lẹ́yìn kóòtù."

Lọ́yà kò lọ fọ̀ ọ́. Adájọ́ ní kí gbogbo wọn lọ wo ilẹ̀ náà lójú ara wọn. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ìkòkò wà lórí ìlà, aṣọ tútù ń kán lórí okùn, òórùn ẹlú sì gba gbogbo afẹ́fẹ́. Lọ́yà Àjọ ń wá ìgbẹ́ tí oníbàárà rẹ̀ búra sí, ó ń fi ẹ̀yìn rìn kó lè rí gbogbo ilẹ̀ dáadáa, ó sì tẹsẹ̀ bọ kòtò tí wọ́n ń da omi aró sí. Iṣẹ́ aró tó ti kú tipẹ́ náà gbé e mì dé orúnkún. Àwọn obìnrin ló fà á jáde, wọ́n sì kí i kú ewu.

Adájọ́ kò lé wọn kúrò lórí ilẹ̀ náà. Ó dá ẹjọ́ Àjọ nù, ó sì tún sọ ọ̀rọ̀ kan tó wọ etí títí dé Èkó: pé ilẹ̀kùn rẹ́jísírà gbọ́dọ̀ ṣí, pé ẹni tó bá fẹ́ rí ìwé ẹjọ́ kí wọ́n fi hàn án, yálà ọwọ́ rẹ̀ funfun ni o, dúdú ni o, àbí ó ní aró. Àwọn lọ́yà kó ẹ̀dà tiwọn wá, wọ́n fi tún fáìlì tó. Èyí tí kò ní ẹ̀dà, wọ́n lọ ń bẹ àwọn ẹlẹ́pà.

Àwọn ọ̀gá láti Èkó dé. Wọ́n ní kí Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé kọ àlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sórí ìwé. Ó ṣe é. Oyè rẹ̀ gba ojú ewé àkọ́kọ́, nígbà tó sì dórí ọ̀rọ̀, ó ní ìlú ni kò tíì tó ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà. Wọ́n gba ipò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ máa bójú tó àga àti tábìlì kóòtù tó ti kán, èyí tí wọ́n kó sí ilé kan ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Ọládipọ̀ kò gba ìgbéga. Wọ́n fi í síwájú tábìlì níbi tí ará ìlú ti ń béèrè ìwé, gbogbo ẹni tó bá dé ló sì ń dìde fún, pé bẹ́ẹ̀ ni, mà, bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Lọ́jọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé ń lọ, ó ti retí pé wọn yóò ṣe ètò ìdágbére fún òun, ó sì ti kọ ọ̀rọ̀ tí òun yóò sọ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣètò nǹkan kan. Ọ̀sán pọ́n, ó rí i pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ó bọ́ sí báránńdà, ó tú ìwé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Àwọn òṣìṣẹ́ yọjú lójú fèrèsé, wọ́n padà sídìí iṣẹ́. Àwọn tí ẹjọ́ gbé wá ń kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n ń wá ẹni tí yóò dá wọn lóhùn.

Ìyá Asiata nìkan ló jókòó. Ó wá gba ẹ̀dà ìdájọ́ wọn, wọ́n ní kó dúró díẹ̀. Nígbà tó gbọ́ tí ọkùnrin náà ń ka ìwé sókè, ó rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nísinsìnyí nìyẹn, lẹ́yìn tí Adájọ́ ti ní kí wọ́n máa fi ìwé han ará ìlú. Ó ká ọwọ́ lórí itan, ó tẹ́tí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́ nípa London. Ó gbọ́ nípa òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀. Ó gbọ́ nípa àwọn ọ̀tá ìlọsíwájú, ó sì mi orí, nítorí ó rò pé Àjọ Ilé Ìkẹ́rùsí ló ń bá wí.

Nígbà tó parí, ọkùnrin náà ká ìwé rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀ wálẹ̀. Obìnrin náà dìde, ó sún mọ́ ọn.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ó ní. "Ibo ni wọ́n ti wá dárúkọ wa níbẹ̀?"

Olúbọ̀dé la ẹnu bíi pé ó fẹ́ kéde nǹkan, ó tún pa á dé.

"Kò sí orúkọ yín níbẹ̀, ìyá," ó ní. "Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ ara mi."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ni Ìyá Asiata wí, ó sì padà lọ jókòó. "Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń kọjá lọ, ẹ bá mi sọ fún wọn nínú ilé pé mo ṣì ń dúró de tiwa."